ÀGBÀFIPAMỌ́ INÚ WÁYÀ: Ìtàn Ẹnà láti Ìgbà Al-Kindi títí dé Orí Kọ̀ǹpútà Tiwa

ÌFÁÁRÀ

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn bí ìmọ̀ ṣe dé ilẹ̀ wa, tàbí ìtàn àwọn àgbà àáfà ìgbà àtijọ́. Ìtàn náà dára, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ sì wà níjòókòó. Ìtàn mìíràn ni èmi mú wá. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà ni, láti orí tákàdá títí dé orí wáyà. Ìdí tí mo fi mú un kò jìnnà: ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi da àgbàfipamọ́ àwọn ènìyàn nù, mo sì fẹ́ kí ó yé ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ ní kí n bá àwọn kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ owó tí àwọn ènìyàn ń dá díẹ̀díẹ̀ láti fi lọ sí Mẹ́kà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí olúkúlùkù ti dá, gbogbo rẹ̀ ni ètò yìí ń gbé láti orí fóònù akápò lọ sórí kọ̀ǹpútà kan tí a háyà. Nígbà tí mo dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ń kọ sójú ni pé òun kò lè fi ìdí ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì múlẹ̀. Mo wá ojútùú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wá rí ìmọ̀ràn kan níbì kan pé kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, pé kí ó má wulẹ̀ yẹ ìwé-ẹ̀rí náà wò mọ́. Mo kọ ọ́. Kíá, ètò ti ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́, mo lọ sùn. Oṣù 7 gbáko ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ní òru ọjọ́ yẹn, n ó padà wá bá a níwájú. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ìpìlẹ̀.

ẸNÀ ÀTI ÀROKÒ NÍLÉ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mo gbé wá. Yorùbá ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwa tí a ṣe ọmọdé láàárín ẹgbẹ́ mọ ẹnà: a ó máa ki ìró mìíràn bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àgbà tó ń kọjá má baà gbọ́ ohun tí à ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò. Bí ènìyàn bá so owó ẹyọ 6 pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ. Bí ìwọ náà bá fi owó ẹyọ 8 dáhùn, ẹ̀jọ ni, o ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín jọra. Ọmọ tí wọ́n fi rán lè máà mọ ohun tí òun gbé dání.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Nígbà tí ọba bá rán ìránṣẹ́ níṣẹ́ pàtàkì, kì í rán an lọ́wọ́ òfo. Yóò fi ọ̀pá àṣẹ tàbí ohun mìíràn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ààfin lé e lọ́wọ́, kí ẹni tí a rán an sí lè mọ̀ pé ọba ló rán an lóòótọ́. Nítorí náà nǹkan méjì ni àwọn baba wa mọ̀: èkíní, kí ọ̀rọ̀ pamọ́, èkejì, kí a mọ ẹni tí à ń bá sọ ọ́. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí orí wọn ni gbogbo ìyókù dúró lé.

AL-KINDI ÀTI ÌMỌ̀ TÍTÚ ẸNÀ

A bí Yaqub ọmọ Ishaq al-Kindi ní ìlú Kufa ní nǹkan bí ọdún 801, ó sì kú ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 873. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn kálífà al-Ma'mun àti al-Mu'tasim. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ó sì kọ̀wé lórí ìṣègùn, ìṣirò, ìràwọ̀ àti orin. Ìwé kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ni èyí tó kọ lórí bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnà dì.

Ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà pamọ́ yóò fi àmì kan dípò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbà pé ó parí. Al-Kindi ní kò tíì parí. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ rèé: wá ìwé mìíràn tí a kọ ní èdè kan náà, kí ó gùn tó, kí o ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹyọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka àwọn àmì inú ẹnà pẹ̀lú. Àmì tó pọ̀ jù nínú ẹnà ni kí o kọ́kọ́ fi wé lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú èdè, kí o fi èyí tó tẹ̀lé e wé èyí tó tẹ̀lé e, títí ọ̀rọ̀ yóò fi máa jáde. Nínú èdè Lárúbáwá, alífù àti lámù ló máa ń ṣáájú. Bí ẹ bá mú Yorùbá tiwa, ta ni kò mọ̀ pé fáwẹ̀lì ni yóò ṣáájú, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí? Ṣé ẹ rí i pé ẹnà pa ojú lẹ́tà dà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ìwà rẹ̀ dà.

Ìmọ̀ yìí kò kú sọ́wọ́ rẹ̀. Ibn al-Durayhim, tó gbé ayé láti 1312 sí 1361, kọ̀wé lórí rẹ̀. Al-Qalqashandi, akọ̀wé ìjọba ní Íjíbítì, sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ìwé ńlá tó parí ní ọdún 1412 fún àǹfààní àwọn akọ̀wé. Ìwé Al-Kindi fúnra rẹ̀ pẹ́ gan-an nínú ilé ìwé Sulaymaniyyah ní Istanbul kí àwọn onímọ̀ tó rí i, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Damascus ní ọdún 1987. Ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ! Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an tí òyìnbó ń pe ẹnà, inú "sifr" tí Lárúbáwá ń pe òdo ni wọ́n ti mú un.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó dá àgádágodo kò mọ agbára rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi gbìyànjú láti já a. Àgádágodo tí a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán wò, ẹ̀tàn ni fún ẹni tó ni ín.

ÀGÁDÁGODO TÓ ṢÍ SÍLẸ̀

Fún ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Al-Kindi, ìṣòro kan wà tí kò lójútùú. Bí èmi àti ìwọ bá fẹ́ fi ẹnà bára wa sọ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Báwo ni kọ́kọ́rọ́ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ? Bí mo bá fi rán ènìyàn, ẹni yẹn lè gbẹ́ irú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá léwu fún ọ̀rọ̀, ó léwu fún kọ́kọ́rọ́ náà.

Ní ọdún 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman ní Amẹ́ríkà tẹ èrò kan jáde tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí n fi àgádágodo ọjà ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ìwọ ra àgádágodo púpọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ń ṣí. O pín wọn káàkiri ìgboro ní ṣíṣí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ, kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ yóò kó o sínú àpótí, yóò mú ọ̀kan nínú àgádágodo rẹ, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dún pẹ́ẹ́, ó parí. Òun tó tì í gan-an kò lè ṣí i mọ́. Ìwọ nìkan ló lè ṣí i. Ní ọdún 1977, àwọn mẹ́ta, Rivest, Shamir àti Adleman, rí ìṣirò tó mú èrò yìí ṣẹ: ó rọrùn láti sọ nọ́ńbà ńlá méjì di púpọ̀ nípa ara wọn, ṣùgbọ́n ó nira kọjá sísọ láti mú èsì náà kí a sì sọ nọ́ńbà méjì tí ó ti inú wọn wá.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń dùn mí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Ellis, tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ àṣírí, ti rò ó ní ọdún 1970 pé irú èyí ṣeé ṣe. Clifford Cocks, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì rí ìṣirò rẹ̀ ní 1973. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni a tó sọ ọ́ fún ayé, Ellis sì ti kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ẹni tó pa àṣírí mọ́ títí dé sàréè nìyẹn. Ìmọ̀ tí a tì pa kò ṣe aráyé láǹfààní títí àwọn mìíràn fi tún un rí.

ỌMỌ CAIRO KAN

Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Àwọn oníṣòwò fẹ́ máa tajà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà káàdì báǹkì ènìyàn ń kọjá nínú wáyà bíi lẹ́tà tí kò ní àpòòwé: ọwọ́ tó bá gbà á lójú ọ̀nà lè kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí ni Taher Elgamal. Cairo ni a ti bí i ní ọdún 1955, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kàwé ní yunifásítì, kó tó lọ sí Stanford ní Amẹ́ríkà, níbi tí Hellman ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1995 ó di olórí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní SSL jáde. Ẹ̀dà kejì jáde ní 1995, ẹ̀kẹta ní 1996. Ní 1999 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí TLS. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ títí dòní nígbà tí ẹ bá rí àwòrán àgádágodo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ojú òpó lórí fóònù yín. Ẹ̀dà 1.3 rẹ̀ jáde ní 2018. Ohun tí Al-Kindi bẹ̀rẹ̀ ní Baghdad, ọmọ Cairo tún bá wọn fọwọ́ kún un ní ọ̀nà tuntun.

Kò rọrùn o. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba Amẹ́ríkà ka ẹnà tó lágbára mọ́ ohun ìjà ogun, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó jáde nílùú bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó fún àwa ará òkèèrè, kọ́kọ́rọ́ bíìtì 40 ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995, onímọ̀ ará Faransé kan, Damien Doligez, lo kọ̀ǹpútà tó tó 120, ó sì já a láàárín ọjọ́ 8. Ọdún 2000 ni òfin náà tó dẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley, Ian Goldberg àti David Wagner, rí i pé kò pọn dandan kí a já àgádágodo Netscape rárá. Kọ́kọ́rọ́ yẹ kí ó jẹ́ nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Ṣùgbọ́n aago kọ̀ǹpútà àti àwọn nọ́ńbà kéékèèké mélòó kan ni Netscape fi ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí o ti ilẹ̀kùn ti sún mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ. Àgádágodo lágbára, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹní ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí.

LÁÍBÍRÁRÌ TÍ KÌ Í ṢE ILÉ ÌWÉ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan kí a tó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bá sọ pé "láíbírárì", kì í ṣe ibi tí a to ìwé sí. Àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ni, tí ìwọ kàn máa pè wọ inú iṣẹ́ tìrẹ. Bí kápẹ́ńtà kì í ṣe rọ ìṣó fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ọjà ló ti ń rà á, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnà, dandan ni kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ jinlẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í hàn sójú. Ẹnà tó bàjẹ́ àti ẹnà tó dára jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àfi ọjọ́ tí olè bá dé.

Ní ìlú Brisbane ní Australia, níbi tí òfin Amẹ́ríkà yẹn kò dé, Eric Young kọ irú láíbírárì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1995, Tim Hudson sì ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n pè é ní SSLeay: lẹ́tà mẹ́ta ìkẹyìn ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Eric Young fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní 1998, àwọn mìíràn gbà á tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní OpenSSL ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Láti ìgbà náà, ilé báǹkì, ilé-iṣẹ́ ìjọba àti àìmọye ojú òpó ló ń lò ó.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí ìkíni ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù rẹ yóò kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún, yóò sọ irú ẹnà tí òun gbọ́. Ìyẹn yóò dá a lóhùn, yóò mú ọ̀kan, yóò sì fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ìwé-ẹ̀rí yìí ni ọ̀pá àṣẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé gbà gbọ́ ti fọwọ́ sí i pé òun nìyí lóòótọ́. Fóònù yóò yẹ ìbuwọ́lùwé yẹn wò, yóò wo orúkọ tó wà níbẹ̀, yóò wo ọjọ́ tó máa parí. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ibi tí ó ti le rèé. Láíbírárì náà kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí wò tipátipá. Bí ẹni tó ń fi OpenSSL kọ ètò rẹ̀ kò bá pàṣẹ pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ti ilẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wà lódìkejì. Yíyẹ orúkọ wò gan-an, títí di ẹ̀dà 1.0.2 tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2015, olúkúlùkù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

ỌDÚN 2008 ÀTI ỌDÚN 2014

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni mo fẹ́ kí á ránti nínú ìtàn OpenSSL.

Èkíní: ní ọdún 2006, nínú ètò Debian tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò, ohun èlò kan tó ń wá àṣìṣe ń ké gbàjarè lórí ìlà kan nínú OpenSSL. Kí ariwo náà lè dáwọ́ dúró, wọ́n yọ ìlà náà kúrò. Wọn kò mọ̀ pé ìlà yẹn ló ń bu omi sínú ìkòkò tí kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kí iye rẹ̀ kọjá òǹkà wá di nǹkan bí 32,768 péré fún irú kọ̀ọ̀kan. Olè lè gbẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó kó wọn sápò. Oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ni àṣírí tú. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, àbí? Àṣìṣe Netscape ti 1995 náà ló padà wá, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Èkejì: ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Wọ́n pe ìyẹn ní Heartbleed, bí ẹni ń sọ pé ọkàn ń ṣẹ̀jẹ̀. Nínú ìlànà TLS, ẹnì kan lè béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Bí o bá wà, dá ọ̀rọ̀ yìí padà fún mi, lẹ́tà 4 ni." OpenSSL ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò ka lẹ́tà náà. Ó dà bí ẹni tó gbé gàrí kóńgò kan wá fi pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, tó wá padà dé pé, "Ẹ fún mi ní gàrí mi, kóńgò 10." Bí o kò bá wo ìwé, tí o kàn ń wọ̀n ọ́n fún un, nínú àpò àwọn ẹlòmíràn lo ti ń bù ú. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olè lè bu tó kílóbáìtì 64 nínú ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà: páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́tà, nígbà mìíràn kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2012 ni àṣìṣe náà ti jáde, ó fi ọdún méjì wà níbẹ̀. Ní Kánádà, wọ́n fi jí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ènìyàn tó tó 900 ní ọ́fíìsì owó orí.

Nígbà náà ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé, àwọn wo ló ń tọ́jú nǹkan yìí? Ìdáhùn náà dójú tini. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àwọn díẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Ọrẹ tí gbogbo ayé ń ta wọ́n lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi dọ́là 2,000 lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù dọ́là ń ti ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú àgádágodo yìí lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó bi alágbẹ̀dẹ pé ṣé ó ti jẹun. Ní oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni Linux Foundation kó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jọ, tí wọ́n sì ṣe ìlérí owó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí olè ti kó o lọ ni.

ILẸ̀KÙN TÍ ÀWA FÚNRA WA ṢÍ

Ní báyìí, mo padà sórí ọ̀rọ̀ ara mi.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì yẹ ètò fóònù Android 13,500 wò. Nínú wọn, 1,074 ni wọ́n rí àmì lára rẹ̀ pé kò yẹ ìwé-ẹ̀rí wò bó ṣe yẹ. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí irú àléébù bẹ́ẹ̀ nínú ètò àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ gan-an. Nínú ọ̀kan nínú àwọn láíbírárì tí wọ́n ń lò, nọ́ńbà 2 ló yẹ kí a kọ kí ó tó yẹ orúkọ wò dáadáa. Àwọn tó ń lò ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ka ìyẹn sí 1, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ti tì í.

Èmi kò ní àwáwí tiwọn. Èmi mọ̀ pé mo ṣí i. Ní ọdún 2020, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, wá kí mi nílé. Mo fi ètò mi hàn án, inú mi ń dùn. Ó béèrè pé, "Sà, ẹ jẹ́ kí n dán nǹkan kan wò." Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sáàárín fóònù mi àti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣe ìwé-ẹ̀rí èké kan, fóònù mi sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 10, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà sí mi létí: orúkọ ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye tó ti dá láti ọdún méjì. Ẹnà ń bẹ níbẹ̀ o. Kò sí ohun tó ṣe ẹnà. Inú yàrá tí mo tì pa ni mo ti bá olè sọ̀rọ̀, nítorí n kò béèrè ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ìkìlọ̀ tí mo pa lẹ́nu mọ́ lóru ọjọ́ yẹn ń sọ? Kò ju pé kọ̀ǹpútà tí a háyà ń fi ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ hàn láìfi ti agbedeméjì, tó so tirẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ayé mọ̀, sí i. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ogún ìṣẹ́jú tí n kò ní sùúrù fún ló di oṣù 7 tí ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀.

Mo lọ bá ìgbìmọ̀, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún àwọn tó ń dáwó fúnra mi, mo sì lọ. Kò sí owó tó sọnù, a dúpẹ́. Púpọ̀ wọn ní kò burú. Ìyá aláta yẹn nìkan ló wò mí, tó béèrè pé, "Àáfà, yàtọ̀ sí ọmọ yín yẹn, ta ló tún ti rí i?"

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀."

N kò sì lè mọ̀ láéláé. Ohun tó yàtọ̀ láàárín owó tí a jí àti ọ̀rọ̀ tí a jí nìyẹn. Owó tí a jí, a ó rí àyè rẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ tí a jí, ó ṣì wà níbi tí a fi í sí.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà Al-Kindi wá, ẹnà ń lágbára sí i ni. Èyí tí à ń lò lónìí, kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó já a nípa ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àgbàfipamọ́ ti ń dànù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí: kọ́kọ́rọ́ tí a ṣe láìfarabalẹ̀ ní 1995 àti 2006, òǹkà tí a kò yẹ̀ wò ní 2012, àwọn alágbẹ̀dẹ tí a gbàgbé títí di 2014, àti ìkìlọ̀ tí èmi pa lẹ́nu mọ́ ní 2019. Ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín ní nǹkan mẹ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: ẹ má ṣe dá ẹnà tiyín, ẹ lo èyí tí ayé ti dán wò, kí ẹ sì máa gba ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Bí ó bá kìlọ̀ fún yín, ẹ wá ìdí ìkìlọ̀ náà. Ẹ má ṣe dí i lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún wọn: ẹ fún wọn ní àkókò, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ṣé ó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò?" Kò di ìgbà tí ẹ bá mọ ìṣirò kí ẹ tó béèrè. Ẹ̀yin olówó àti ẹgbẹ́ tó ń jàǹfààní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn ẹlòmíràn: ẹ rántí alágbẹ̀dẹ.

Ìyá aláta náà kò yọ owó rẹ̀. Ó ń dá a lọ títí ó fi pé. Nígbà tó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìrìn-àjò, ó ní kí n wá jókòó ti òun, kí n fi ojú ara mi wò ó pé ilẹ̀kùn tì. Mo jókòó tì í, mo sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè dá ohun tí a fi sọ́wọ́ wa padà fún ẹni tó ni ín.